Ìràwọ̀ mẹ́ta àtààbọ̀: ibùsùn alẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò òtútù, gúúsù London

Àwọn èèyàn máa ń kọ ohun tí ojú wọn rí ní òtẹ́ẹ̀lì síta: omi ò gbóná, ìrọ̀rí le, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ò dá wọn lóhùn. Èmi náà sùn níbì kan, mo sì lọ́rọ̀ sọ nípa ìrọ̀rí ibẹ̀. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Ibùsùn alẹ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì méje pawọ́ pọ̀ ń ṣe fún àwọn aláìnílé ní gúúsù London ni, láti oṣù Kọkànlá títí di ìparí oṣù Kẹta. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo máa bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn kan níbẹ̀. Irú ètò yìí sì wà níbòmíì ní London pẹ̀lú.

Ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ló ni alẹ́ tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ẹ wà lọ́dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ti kọjá sọ́dọ̀ àwọn Àgùdà. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń gbà. Ilẹ̀kùn á ṣí ní agogo méje alẹ́, wọ́n á wo orúkọ yín nínú ìwé, wọ́n á gbé tíì lé yín lọ́wọ́. Oúnjẹ á jáde ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ. Tó bá di agogo mẹ́sàn-án, wọ́n á tilẹ̀kùn, ẹni tó bá pẹ́ dé ti pàdánù alẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Iná á kú ní agogo mẹ́wàá àbọ̀. Ní agogo mẹ́fà àbọ̀ ìdájí, wọ́n á tan iná sí wa lójú, wọ́n á pín tíì àti búrẹ́dì yíyan, nígbà tó bá fi máa di agogo mẹ́jọ, gbogbo wa ti wà ní títì. Ọ̀fẹ́ ni. Wọn kì í fipá mú ẹnikẹ́ni gbàdúrà. Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa, wọ́n sì ya igun kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ kírun.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ sìkióríìtì ni mò ń ṣe. Yàrá kan ni mo háyà ní Camberwell, owó ọwọ́ ni mò ń san, kò sí ìwé àdéhùn kankan. Lánlọ́ọ̀dù ta ilé mọ́ wa lórí. Láàárín oṣù yẹn kan náà, iléeṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pàdánù kọ́ńtíráàtì, wọ́n ní ká máa lọ sílé ná. Ilé wo? Páálí mi, ìyẹn ìwé ìgbélùú, pé o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìjọba, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní NRPF. Mo san owó orí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo dé káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún mi ní ìmọ̀ràn. Ìmọ̀ràn ni òfin gbà wọ́n láyè láti fún irú mi. Yàrá ò sí níbẹ̀.

Mo lọ sùn ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ kan, lẹ́yìn náà mo lọ sí ti ẹlòmíì. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á ní ilé yín ni, ẹ fẹsẹ̀ balẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìyàwó ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá pálọ̀ ní agogo márùn-ún ìdájí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí kò nílé ní London, orí àga ẹlòmíì ni wọ́n wà, kò sì sí ẹni tó ń kà wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rìn kiri lóru láti wá àwọn tó ń sùn síta, tí wọ́n ń kọ wọ́n sínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CHAIN, rí 13,231 èèyàn tó sùn síta ní London láàárín oṣù Kẹrin 2024 sí oṣù Kẹta 2025. Ìta gbangba ni wọ́n ti rí ìyẹn. Pálọ̀ ò sí nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí mo padà bọ́ sí náà ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ilford, ní ìlà-oòrùn London, rí láàárín òru á ti rí wa lókè, lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti máa ń gbéra sókè. Ní 2025, pọ́ùn kan àti péńsì 75 ni owó ọkọ̀. Ní Ilford, dírẹ́bà á ké sókè, "ibi tí a ń dé nìyí," ẹ ó bọ́ sílẹ̀, ẹ ó dúró nínú atẹ́gùn de èyí tó ń padà. Ọ̀rọ̀ oorun kọ́ nìyẹn. Ìtòògbé ni.

Kéèyàn tó wọ ibùsùn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́: ibùdó ojúmọmọ tí àwọn aláìnílé ń lọ, dókítà, tàbí àwọn tó ń rìn kiri lóru. Ẹ ò kàn lè lọ kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀, ìkànnì StreetLink ni kó lọ. Ó ti wà láti 2012, gbogbo èèyàn ló lè lò ó láti sọ ibi tí wọ́n ti rí ẹni tó ń sùn síta, ẹni tó ń sùn síta náà sì lè fi sọ ti ara rẹ̀. Ohun tó dára jù nínú ètò àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ni pé wọn kì í bojú wo páálí. Ọ̀pọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì ń gbé lórí owó ilé tí ìjọba ń san fún ẹni tó ń sùn síbẹ̀. Ẹni tí ìjọba kò ní san owó tirẹ̀, wọn ò ní lè gbà á. Ọrẹ àwọn ọmọ ìjọ àti owó àánú ló ń gbé ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ró, ìyẹn ni wọ́n fi lè gba irú wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí wọ́n ń ká ni, aṣọ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, irin mẹ́ta ló gbé e dúró. Irin àárín ló burú. Ibi egungun ìdí gan-an ló ń bọ́ sí, ẹni tó bá fẹ̀gbẹ́ sùn kò ní pẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọgbọ́n tí ọmọ Eritrea kan kọ́ mi ni pé kí n ká kóòtù mi ní ìká mẹ́rin, kí n tẹ́ ẹ sórí irin yẹn, kí n tó tẹ́ àpò àsùn lé e. Ó ṣiṣẹ́. Ìrọ̀rí kò le, ó tinrin. Kí ẹ fi súẹ́tà kún un. Ẹni kọ̀ọ̀kan ló ní àpò aláwọ̀ búlúù tó ní nọ́ńbà, ibẹ̀ ni àsùn rẹ̀ ń gbé, ọkọ̀ fáànù sì ń kó gbogbo rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ sí ìkejì ní ojúmọmọ. Nọ́ńbà 11 ni tèmi. Kò sí ẹni tó sun àsùn ẹlòmíì rí nígbà tí mo fi wà níbẹ̀, mo sì fún ẹni tó ń wa fáànù yẹn ní ìràwọ̀ márùn-ún òun nìkan. Ní ti híhanrun, ẹ lọ ra ohun tí wọ́n ń fi dí etí. Ọkùnrin méjìlá nínú gbọ̀ngàn kan, bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n tan pa pọ̀ ni. Àwọn obìnrin kì í ju mẹ́ta lọ, wọ́n sì máa ń fi aṣọ títa gé ibi tiwọn, èyí tí mi ò rò pé ó tó. Mo mọ̀ pé èyí tó kéré jù nínú wọn kì í bọ́ bàtà sùn.

Ooru ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun la bá lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́bọ̀ lẹ́wà. Òkè rẹ̀ ga, gíláàsì aláràbarà wà lójú fèrèsé, wọ́n ní ó ti wà láti ayé Ayaba Victoria. Àmọ́ wọ́n ti ṣe bọ́ílà rẹ̀ kó máa kú fúnra rẹ̀ ní agogo mọ́kànlá alẹ́, kọ́kọ́rọ́ yàrá bọ́ílà sì wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé, tó ń gbé ní Croydon. Àwọn olùyọ̀ǹda tó ń bá wa sun ibẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan. Tó bá ti di agogo mẹ́ta òru, ẹ máa rí èémí ara yín. Mo jí lóru ọjọ́ kan, mo rí olùyọ̀ǹda méjì tí wọ́n jókòó sídìí tábìlì nínú kóòtù àti fìlà, kẹ́tù wà níwájú wọn, wọ́n ń se omi sínú ọ̀rá amúmígbóná, wọ́n ń gbé e yí po fún àwọn àgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ẹ ẹ̀ rí i pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ì bá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ gbogbo wàhálà yẹn? A sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣèpàdé lé e lórí. Gbọ̀ngàn ọjọ́ Ẹtì ní tirẹ̀ kò lójú rárá, òkè rẹ̀ lọ sílẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbó, ẹsẹ̀ ló sì ń rùn níbẹ̀ látòru mọ́jú. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́ níbẹ̀. Ẹni bá bi mí, òórùn ẹsẹ̀ ni kó fún mi, kó gbé gíláàsì aláràbarà rẹ̀ lọ.

Oúnjẹ ò ní àléébù, àfi pé kò lata. Wọ́n ń se é bíi pé ilé wọn ni, ẹran wà, ẹ̀fọ́ wà, ohun dídùn á tẹ̀ lé e. Lálẹ́ ọjọ́rú kan, mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ké "Yéè! Orí mi o!" Ni màmá kan bá yọjú láti kíṣìnì, ẹ́púrọ́ọ̀nù wà lọ́rùn rẹ̀, gèlè ló wé. Ó máa tó ẹni àádọ́rin ọdún.

"Ta ló ń pe orí ẹ̀ yẹn? Ọmọ Yorùbá ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ kúulé, mà."

"Ó dá a. Ṣó o ti jẹun? Àbí oúnjẹ òyìnbó yìí ò kúnnú ẹ?"

"Mo ti jẹun, mà. Ó dùn."

"Irọ́ lò ń pa. Kò lata."

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó gbé ata dídín wá nínú ike ice cream, ó gbé e sáàárín tábìlì fún gbogbo èèyàn. Mi ò jẹ ju ṣíbí méjì lọ tí àwọn ọmọ Poland fi jẹ ẹ́ tán. Mo gba tirẹ̀ gan-an, kì í sì í ṣe torí ata. Látìgbà tí mo fi ń rí i, kò bi mí ní orúkọ bàbá mi. Kò bi mí ní ìjọ tí mò ń lọ, kò ní òun mọ ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó bá ti bọ́ sí irú ipò yẹn láàárín àwa-ara-wa á mọ̀ pé ìyẹn tóbi ju jọ̀lọ́ọ̀fù lọ. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa máa gun bọ́ọ̀sì kiri lóru, nígbà tí ibi sísùn wà tí wọ́n lè fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí.

Báyìí ìràwọ̀ kan àtààbọ̀ tí mo yọ.

Àkọ́kọ́, kíkó kiri yẹn. Àdírẹ́sì méje lórí káàdì kan, ọ̀kan wà nítòsí Elephant and Castle, òmíì wà ní ìsàlẹ̀ Peckham, gbogbo ẹrù tí èèyàn ní láyé wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó lè dá ọ̀sẹ̀ gbé. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní oṣù Kìíní, láti agogo méjì ọ̀sán sí mẹ́wàá alẹ́ ni, ilẹ̀kùn sì ń tì ní agogo mẹ́sàn-án. Mo bẹ olùdarí ètò. Ó ní tí òun bá ṣí i fún ẹnì kan, òun á máa ṣí i títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ètò tó ń bá mi wá iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n gba iṣẹ́. Títí dòní ló ń dùn mí.

Ìkejì ni ojúmọmọ. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí méje alẹ́, ẹ ṣírò rẹ̀. Ilé ìkàwé Peckham móoru, àga rẹ̀ sì dára, àmọ́ ẹni tó bá sùn, wọ́n á rọra fọwọ́ kàn án léjìká. Ibùdó ojúmọmọ ní balùwẹ̀ (nínú ṣọ́ọ̀ṣì méje yẹn, méjì péré ló ní ibi ìwẹ̀), àmọ́ ìlà rẹ̀ gùn, kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Àìkú, mo di onígbàgbọ́ gidi. Mo ń lọ ìsìn àkọ́kọ́ níbì kan ní Old Kent Road, mo ń lọ ìsìn kejì níbòmíì, mo ń fi ẹ̀kọ́ Bíbélì pa irọ̀lẹ́. Hítà wà ní títàn níbi gbogbo.

Kí n tiẹ̀ sọ ọ́ níbí. Ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka 240 ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Southwark nìkan. Tiwa pọ̀ nínú rẹ̀ jọjọ. Kí orúkọ mi tó wọlé sí ètò yìí, ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì ni mo fi ń ṣe ibùsùn: mo máa ń wá àga tó sún mọ́ hítà, mo á dojú délẹ̀ bí ẹni tó ń ké pe Ọlọ́run. Ní agogo mẹ́rin ìdájí, wọ́n á ṣe oore-ọ̀fẹ́, wọ́n á pa hítà, wọ́n á tilẹ̀kùn, oníkálukú á wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì méje tó gbà mí sùn, kò sí tiwa kan. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà nínú ilé ìkẹ́rù tí wọ́n háyà, tí òfin iná lè má jẹ́ kí èèyàn sùn síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí hítà ń jó torí ìdánrawò àwọn akọrin, kò sí òfin iná tó ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ jókòó.

Ìkẹta kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, ti ìlú ni. Ní London, tí wọ́n bá ti sàsọtẹ́lẹ̀ pé òtútù máa dé òdo díkírì lóru, ọ́fíìsì Mayor á kéde ètò pàjáwìrì tí wọ́n ń pè ní SWEP, àwọn káńsù á sì ṣí ibi sísùn fún ẹni tó bá wà níta, tòun ti ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìjọba. Ó dára púpọ̀. Àmọ́ ẹ lọ bi ẹni tó ti sùn síta rí, kó sọ èyí tó le jù nínú òdo díkírì tí ilẹ̀ gbẹ, àti díkírì mẹ́rin tí òjò ń rọ̀. Aṣọ tó bá tutù lóru kì í gbẹ. Omi á ti inú bàtà dé orúnkún, atẹ́gùn á sì fẹ́ lù ú. Lójú SWEP, alẹ́ díkírì mẹ́rin yẹn ò burú. Ibi tí ibùsùn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ti wúlò jù nìyẹn: kò dúró de òdo. Ó ń ṣí lójoojúmọ́, ì báà ṣe òjò ni. Bẹ́ẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wá. Nígbà tí kòrónà dé ní oṣù Kẹta 2020, ìjọba England ní kí gbogbo ẹni tó wà níta wọlé, káńsù sì ń kó àwọn èèyàn sí òtẹ́ẹ̀lì láàárín ọjọ́ díẹ̀, láìbojú wo páálí. Mo máa ń rántí ìyẹn tí òṣìṣẹ́ kan bá ti ń ṣàlàyé fún mi pé kò sí yàrá.

Ohun tó jẹ́ kí ètò yìí gba mẹ́ta àtààbọ̀ dípò méjì ni obìnrin kan tó máa ń wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó ń jókòó ti ẹni kọ̀ọ̀kan. Òun ló wo físà mi, tí ẹbí ni, tó sọ fún mi pé pẹ̀lú irú rẹ̀, mo lè kọ̀wé sí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, pé mi ò rí nǹkan jẹ, mi ò sì nílé, kí wọ́n yọ NRPF kúrò. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù yẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gbé pẹ̀lú físà yẹn, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi, títí kan lọ́yà tó gba owó lọ́wọ́ mi. Wọ́n fẹ́ rí àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́fà àti lẹ́tà ibi tí mò ń sùn; ètò yìí ló kọ lẹ́tà náà. Wọ́n yọ ọ́. Ibẹ̀ ni yàrá tí mo wà báyìí ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú físà yìí, tí nǹkan sì le fún yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbaninímọ̀ràn tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ má gba ti ẹni tó jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù.

Àmọ́ nígbà tí oṣù Kẹta parí, tí wọ́n ká bẹ́ẹ̀dì, àwọn mẹ́rin tí mo fojú ara mi rí padà sí títì. Òtútù ṣì wà níta lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ fún irú ètò yìí ní nǹkan, kó kọ́kọ́ pè wọ́n. Ẹ má kó duvet lọ. Wọn ò ríbi kó o sí, aṣọ àlòkù náà ti kún wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí mo wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń wá kiri ni ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin tó nípọn, pátá tuntun, káàdì Oyster tó lówó nínú, àti ẹni tó lè bá wọn sun ibẹ̀ mọ́jú lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ló máa ń ṣòro jù láti rí. Gbogbo èèyàn ló ń lọ òde.